Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta tí Wọ́n Fi Ń Dárí Ji Ọmọ Mi

Mo rántí àárọ̀ tí ìwé pélébé kan dé láti iléèwé ọmọ mi, tí mo sì ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kí n tó kà á tán. Ẹni tó kàwé dáadáa ì bá kà á parí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìwé tèmi ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kò tíì pé oṣù méjì tí a dé Kumasi ní Ghana nígbà náà. Iṣẹ́ ríwáyà ọkọ̀ ló gbé mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi ti dolóògbé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ìyá ìyàwó mi ò fẹ́ kí n mú un dání rárá. Ó ní, "Ó dáa, máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé nǹkan kan ṣe é, èmi fúnra mi ni màá wá mú un, o ò sì ní gbà á lọ́wọ́ mi mọ́." Màmá yìí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ni mo bá kọ́ ọmọ bí ẹni ń kọ́ ṣọ́jà. Tó bá rí àgbà, kó kúnlẹ̀. Kó má wò wọ́n lójú, kó má sọ̀rọ̀, kó má sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, torí ìlú onílùú la wà. Ọgbọ́n ni mo pe ìyẹn. Àwọn àgbà ní ojú àlejò a máa tóbi, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Tèmi tóbi tó iná iwájú ọkọ̀ àjàgbé.

Ìwé náà ní kí n wá kíákíá nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo kó ìwé ìrìnnà, mo kó káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo tún mú fọ́tò ìgbéyàwó mi, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bi mí bóyá mo mọ ìyá ọmọ. Mo bẹ ìyá onílé wa, àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Alabar ní Kumasi níbẹ̀, pé kó bá mi túmọ̀ Twi, èdè wọn. Nínú tírótíró, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wa lọ síléèwé ní Tafo, ó ń wo báàgì.

"Ìrìn-àjò wo lò ń lọ?"

"Wọ́n lè ní kí n máa mú un lọ ni, Mà."

"Ei! Ẹ̀rù tó wà lára ẹ yìí, ó yẹ kó san owó ọkọ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Tíṣà ọmọ mi, ọ̀dọ́bìnrin kan, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ṣé mò ń na ọmọ náà ni? Láràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ síwájú òun, á dorí kodò, kò ní sọ nǹkan kan. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé mo ti dárí jì í, kó dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé! Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ kékeré dá tí kò tán?"

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń tọrọ àánú ló ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ì bá ṣàlàyé. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan sìmẹ́ńtì. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má gba ọmọ mi!"

Tíṣà fò sẹ́yìn, ó di àyà mú. "Bàbá náà tún dẹ́ṣẹ̀!"

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, kó tó ṣàlàyé pé ìkíni ni. Èmi ò sọ pé irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n tèmi yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Tíṣà nu omi ẹ̀rín kúrò lójú. Ó ní kí ọmọ máa kúnlẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni. "Ṣùgbọ́n kó máa rẹ́rìn-ín, kí n lè mọ̀ pé kò dáràn."

Wọ́n pè é wọlé. Mo sọ fún un pé ó lè máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa rẹ́rìn-ín, Dádì?"

Lónìí, Twi ló fi ń bá mi jà, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dí àwọn ará ilé lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ àgbà ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sọ fún un. Mo máa ń sọ fún gbogbo ayé nígbà náà pé ọmọ ni mò ń bẹ̀rù fún. Ọmọ ò bẹ̀rù nǹkan kan. Ìbẹ̀rù tèmi ló ń rù lọ síléèwé láràárọ̀, tó ń kúnlẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.