Ìgò Omi Tí A Gbé Kọjá Odò Ọya

Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tí ilẹ̀ bá tutù jù fún kó wá sórí kọnkéré yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ní já. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí òórùn omi kànga ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká yí padà. Kì í ṣe òórùn tó ń lé ènìyàn sá. Ó dà bíi ti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó ká a sínú àpótí. Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ kànga náà kí n tó wọlé bí ìyàwó, àárín ẹ̀yìnkùlé ló sì gbẹ́ ẹ sí, kó lè súnmọ́ gbogbo yàrá. Ilé ìyàgbẹ́ wà lókè rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, sàréè àwọn àgbà ilé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A máa ń fi omi náà yangàn. Bí omi ẹ̀rọ ìjọba bá dá, gbogbo àdúgbò á to korobá sẹ́nu ọ̀nà wa, èmi náà á sì kọ́wọ́ sí ìbàdí, n ó máa pàṣẹ bí ẹni pé èmi ni mo pọn omi náà sínú ilẹ̀.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ. Ibà ni a pè é. A fún un lágbo, a fún un lóògùn òyìnbó, omi kànga yẹn náà ni a sì fi ń gbé oògùn mì fún un. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, nítorí náà ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sí: ọmọbìnrin tó ti jáde girama, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kékeré. Kò pẹ́ tí irú ibà kan náà fi wọ ara àbúrò yìí. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan béèrè pé, "Omi wo lẹ ń mu nílé?" Mo ní omi kànga ni, pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Ọmọbìnrin náà ni nọ́ọ̀sì yíjú wò, òun náà sì wò ó padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé ẹ̀kọ́ nípa àyíká lòun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì: ilẹ̀, omi, ìdọ̀tí, àti bí ọ̀kan ṣe ń ba èkejì jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni baálé wa nígbà náà. Gbogbo irun mi ti funfun, síbẹ̀ "ìyàwó" ló ń pè mí. Nígbà tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Wolé-wolé? Ṣé wolé-wolé lọmọ yìí fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́?"

"Kì í ṣe wolé-wolé, Bàbá," lọmọ náà fèsì lórí ìkúnlẹ̀.

"Àwọn tó ń wọ kakí, tí wọ́n ń yọjú sínú àmù onílé láti wá ìdin. Tí ìyá mi bá rí wọn lókèèrè báyìí, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà sá. Ìwọ wá fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn nínú ilé mi."

Ọdún tó ṣáájú, ọmọ náà ti fi yunifásítì tí kò jìnnà sí wa sí ipò kìíní, wọn ò gbà á. Baálé ní ibẹ̀ náà ni kó tún fi sí, níbi tí èèyàn ti lè lọ kó sì padà lóòjọ́. Bí wọn ò bá tún gbà á, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọ náà dìde. Ó fọ ìgò kan, ó pọn omi kànga sínú rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ bá mi lọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n á ti wo omi wa."

Yunifásítì tí kò jìnnà la kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó wà ní ọ́fíìsì ò gbórí sókè. "Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé ná. Omi ò ní sá lọ." Mo ní ká da ìgò náà nù lẹ́nu géètì, ọmọ náà kọ̀. Mo bá fi gèlè mi wé e, mo gbé e sáyà bí ọmọ ọwọ́. Nínú ọkọ̀, obìnrin aláṣọ funfun kan bi mí bóyá omi àdúrà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èkejì wà ní òdìkejì Odò Ọya. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń fi ojú àwọn èrò rí níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wọ inú igbó, awakọ̀ pa rédíò. Ọmọ jòjòló kan tó ti ń ké láti gáréèjì pàápàá panu mọ́. Mo di ìgò náà mú lọ́wọ́ kan, mo di ọmọ mi mú lọ́wọ́ kejì, mi ò sì mọ èyí tí mo ń dì jù.

Obìnrin olùkọ́ kan ló gbà wá. Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà.

"Màmá, ta ló ń mu omi yìí?"

"Gbogbo wa ni."

"Títí di ìsinsìnyí?"

Kí n tó kúrò nílé ni mo ti fi ife kan nínú rẹ̀ gbé oògùn mì fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Ẹ pe ilé," ló wí. "Kí wọ́n máa sè é, kó hó dáadáa. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀ yunifásítì kankan."

Ọmọbìnrin náà pe baálé. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Omi tí bàbá mi gbẹ́ ni kí n máa sè bí ẹran?"

"Ẹ dákun, Bàbá. Nítorí àbúrò mi."

Baálé pòṣé. "N ó ní kí wọ́n sè é fún un. Fún òun nìkan."

Olùkọ́ náà ní kí ọmọ mi ya ilé wa sójú bébà. Nígbà tí ó yà á tán, obìnrin náà fi ìka wọ́ ọ láti ilé ìyàgbẹ́ wá sí kànga. "Ibí ni ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí, àbí?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ náà ní òun ò lè ṣèlérí pé wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n bí ó bá wá, irú omi yìí làwọn á jọ máa wò.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ti orúkọ gbígbà pa, a wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Bẹẹrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tẹ fọ́ọ̀mù gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó ní, "Èwo ni kí n tẹ̀?" Èmi ni ọmọ mi ń wò. Mo ti sin bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà nílé, ara rẹ̀ ń gbóná bí ààrò. Wọ́n wá ní kí n fi ẹ̀kẹta sí ojú ọ̀nà yẹn. Bí mo bá sì ní kó tẹ èyí tó wà nítòsí, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀, àwa á sì máa mu omi wa lọ.

"Màmá, iná lè lọ o," ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí.

Mo ní, "Tẹ èyí tó jìnnà." Ohùn náà ò jọ tèmi.

Baálé ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Wọ́n gba ọmọ náà. Ọjọ́kọ́jọ́ tó bá wọ ọkọ̀, n kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí fóònù bá dún pé ó ti dé. Ara àbúrò rẹ̀ yá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n baálé ò se omi tirẹ̀. Gbangba ló ti ń mu ún, á nu ẹnu, á ní, "Ẹ wò mí, mo ṣì ń mí." Ọdún tí ọmọ náà ń ṣe àṣekágbá ni àìsàn gbé baálé dè. Ọmọ náà wálé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Wolé-wolé," baálé wí, "ṣé omi náà ni?"

Gbogbo ohun tó lọ kọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Mo rí i.

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí a sin ín tán, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ogún. Yàrá òkè di ti àkọ́bí, ṣọ́ọ̀bù iwájú di ti èyí tó tẹ̀ lé e, àga rẹ̀ àti àwọn agbádá di ti àbíkẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ kànga, àfi ìgbà tí àkọ́bí ní, "Bàbá ní kí wolé-wolé mú un." Ọmọ mi mú un. Ó pe àwọn bíríkìlà, ó ní kí wọ́n fi kọnkéré yìí dé e. Iwájú ilé, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun sí, ni omi tí à ń mu báyìí ti ń wá. Okùn kànga di ti àbúrò rẹ̀, ó ń fi so ewúrẹ́. Ìgò di tèmi, ó wà lójú fèrèsé, òfìfo.

Nígbà òjò, bí ilé bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ omi náà lábẹ́ wa níbí. Ó ń kún sí i, kò sì sí ẹni tó ń pọn ọ́n.