Ẹsẹ̀ Ẹlúlùú Tí Mo Jẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá pa adìyẹ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ ni ti àwa ọmọdé. Iwe ni ti bàbá, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a du ìyẹn. Àyà ni ti àlejò bí àlejò bá wà, ìyá mi á sì mú èyí tó bá wù ú nítorí òun ló dáná. Ẹsẹ̀ ló kù fún wa. A ó jẹ ẹ́, a ó fá a lẹ́nu, a ó rún eegun rẹ̀ títí ajá gan-an kò fi ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, torí ẹsẹ̀ kan tí mo jẹ báyìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Mo wà ní kíláàsì kẹfà nígbà náà. Bàbá mi ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí mo bá ti jáde ìwé mẹ́fà, ó tó, kí n máa bá ìyá mi ta gàrí. Kì í ṣe ìkà o, ẹ má bú u. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọbìnrin nígbà náà nìyẹn. Tíṣà wa ni kò gbà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ìlú ńlá ló ti dàgbà, kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Ó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ sí girama. Bàbá mi ní, "Tíṣà, gbogbo ọmọ ló mọ̀wé lójú tíṣà wọn. Bí ó bá ṣe ohun kan tí ẹ fi lè mú òun nìkan láàárín àwọn ọmọkùnrin kíláàsì yín, kí ẹ padà wá."

Ohun tí mo lè ṣe náà ni àwòrán yíyà. Wọ́n sì fẹ́ pàtẹ àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú wa, ẹyọ kan láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní ẹyẹ ni a ó yà, kí kálukú wá ẹyẹ gidi síwájú kó tó mú pẹ́ńsùlù. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà fún un, láti inú orí mi ni. Ikùn rẹ̀ rí bí iṣu, apá méjèèjì là gbàù. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹyẹ tó wà nínú orí rẹ lo yà yìí. Èyí tó wà níwájú rẹ ni mo ní kí o yà."

Ó wá mú adìyẹ kan wá sí kíláàsì, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń wò. Ó kọ́ wa láti ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kí a fi wọn ẹnu rẹ̀, kí a tún fi wọn orí rẹ̀, ká mọ ìgbà mélòó ni ẹnu wọ inú orí. Ó kọ́ wa láti ka ìyẹ́, kí a má kàn fà á wúruwùru bí koríko. Adìyẹ yẹn nìkan ṣá ni ẹyẹ gidi tí a ní ní kíláàsì.

Nílé, tàkúté bàbá mi ló ń fún mi ní ẹyẹ. Ó lè mú àparò bọ̀ lónìí, kó mú àdàbà bọ̀ lọ́la. Àyè tí mo ní kò ju ìgbà tó bá pa á sí ìgbà tí omi ìyá mi bá hó. Ojú ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, torí bí ẹyẹ bá kú, kì í pẹ́ tí àwọ̀ ojú rẹ̀ fi ń ṣá. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ kan ló mú ẹlúlùú bọ̀ láti oko wa lọ́nà Òrù. Ẹ ti lè gbóhùn rẹ̀ rí bí ẹ kò tilẹ̀ rí i: ẹyẹ tó máa ń ké nínú igbó bí òjò bá ṣú, tó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń da omi jáde nínú akèrègbè. Tàkúté òkété ló gbá a lápá mú. Bàbá mi ṣe bísímílà, ó dúńbú rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. "Tètè yà á o, ebi ń pa mí."

Ojú rẹ̀ pupa yòò, mo fi tàdáwà pupa tí tíṣà fún mi kán an. Mo fi èédú ya orí rẹ̀ dúdú. Fún apá rẹ̀, mo lọ jí osùn bù nínú èyí tí ìyá mi fi ń pa àbúrò mi lára. Mo ka ìyẹ́ ìrù rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́wàá. Ìgbà tí mo dé ẹsẹ̀ ni mo dúró. Ìka méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn. Mo rò pé tàkúté ló yí i. Mo fa ọ̀kan wá síwájú. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Mo wo ẹsẹ̀ kejì, bákan náà ni.

"Omi ti hó o!" ìyá mi ń pariwo. "Ṣé àwòrán la ó fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́ òní ni?"

Mo yà á bí mo ṣe rí i. Ìyá mi ri ẹyẹ bọ omi, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó sè é. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ìpín mi dé ọwọ́ mi: ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo rún un tegungun.

Lọ́jọ́ kejì, inú tíṣà dùn títí ojú rẹ̀ fi dé ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó ní, "Kí ni èyí? Mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣé o ti gbàgbé ni?" Mo ní bí ó ṣe rí nìyẹn, sà. Ó ní kí n mú ẹyẹ náà wá. Mo ní a ti jẹ ẹ́. Ó ní kí n mú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan wá. Háà, ẹ gbà mí! Mo ní, "Mo ti jẹ ẹsẹ̀ náà, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè gbé ẹyẹ aláàbọ̀ ara jáde fún gbogbo ìlú, kí n tún ẹsẹ̀ náà ṣe kó tó di ọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ọmọ mìíràn ni òun máa mú.

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ́wọ́. Kò ju kí n pa ìka kan rẹ́, kí n fà á síwájú. Girama wà lẹ́yìn ìka kan ṣoṣo yẹn. Ó dùn mí wọ eegun. Mo mọ ohun tí mo rí, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́, àwọn méjèèjì kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lójú kan. Bàbá mi bá mi níbẹ̀, ó bi mí ohun tó ṣe mí, mo sì sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹkún. Ó wọlé lọ jẹun. Mo ní, ó tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò gba ọ̀nà oko. Ó tẹ̀ lé mi dé ilé-ìwé, pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn àti àdá lọ́wọ́. Tíṣà yára dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá mi gbé àdá sílẹ̀, ó lóṣòó sórí iyanrìn níwájú gbogbo wa. Ọkùnrin tí kò mú ṣọ́ọ̀kì rí láyé rẹ̀! Ó fi ìka fa ìlà mẹ́ta síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ó ní, "Adìyẹ nìyí." Ó sún díẹ̀, ó fa méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. "Ẹlúlùú nìyí. Kí n tó bí ọmọ yìí ni mo ti ń rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ létí odò tó wà lóko mi. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ jẹ́ ká lọ."

Tíṣà lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e nígbà tí ilé-ìwé parí, òjò sì ti rọ̀ lóru. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó dúró níwájú wa, ó ní, "Ẹyẹ tó wà nínú orí mi ni mo ń wò. Ọmọ yìí ló wo èyí tó wà níwájú rẹ̀." Àwòrán mi ló gbé lọ. Kò gba ipò kìíní o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tiẹ̀ tó pàtẹ rẹ̀ ni bàbá mi ti sọ fún mi nílé, láìwo ojú mi, pé, "Pẹ́ńsùlù yẹn ti kúrú. Wàá nílò òmíràn ní girama."

Ayé ti yí. Àwọn tó ń la gẹdú ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú igbó wa lọ, ilé sì ti gba ìdajì oko bàbá mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un pé ìwé mẹ́fà ti tó, mo sì ń dúpẹ́ ìyẹn lójoojúmọ́. Ó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró ná." Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, ó ní kó ya ẹlúlùú fún òun. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti yà á! Ó rẹwà, ojú rẹ̀ pupa. Mo ní kó jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo wo ilẹ̀ kí n yà á fún un, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì. Mo mú ọ̀pá mi, a jáde lọ sí etí gọ́tà níbi tí òjò ti kó iyanrìn jọ. Orúnkún mi kò gbà kí n lóṣòó mọ́, mo ní kí òun lóṣòó. Méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. Bó ṣe tẹ̀ síbẹ̀ tó ń fi ìka fà á, ẹ̀yìn bàbá mi ni mo rí. Ó fẹ́ yọ fóònù láti ya ohun tó fà, mo ní kó ní sùúrù, kó kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Bí òjò bá tún rọ̀, èmi àti òun ń lọ sí ohun tó kù nínú oko ọ̀nà Òrù. Mo ti ra pẹ́ńsùlù fún un.