Lọ́rì Méjì Tó Forí Gbárí Nínú Ìwé Fíṣíìsì

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti òrí tútù ló máa ń gba imú èèyàn ní ibùdókọ̀ wa lẹ́yìn ọjà ńlá Tamale, ní òkè ọya ilẹ̀ Ghana. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ olórí awakọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Lóòótọ́, kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ méjì tó kọlu ara wọn láti Moshie Zongo títí dé Kanvili tí wọn kì í pè mí sí. Tí mo bá ti wo ipa táyà nílẹ̀ báyìí, mo ti mọ ẹlẹ́bi. Ọlọ́pàá gan-an máa ń dúró gbọ́ tẹnu mi.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wá féèlì fíṣíìsì, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tún ìdánwò náà ṣe, mo ní kó gbé iṣẹ́ tí tíṣà rẹ̀ fún un wá. Ẹnjiníà ló fẹ́ dà. Ìyá rẹ̀ sì ti búra pé tó bá tún féèlì, ẹ̀yìn káńtà ìsọ̀ òun ló ń bọ̀. Ọmọ náà ka ìbéèrè kan fún mi: lọ́rì tọ́ọ̀nù mẹ́ta ń sáré bọ̀, mítà mẹ́rin ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó kọlu lọ́rì tọ́ọ̀nù kan tó dúró jẹ́ẹ́, méjèèjì há mọ́ra, wọ́n jọ ń lọ.

Ẹ̀rín pa mí. "Èyí náà ni fíṣíìsì? Èyí tó dúró sójú títì yẹn, ṣé ó gbé ewé sẹ́yìn káwọn tó ń bọ̀ lè rí i?"

"Bàbá, wọn ò bèèrè ẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe ń sáré sí lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bèèrè."

"Kọ ohun tí mo wí! Onílọ́rì kékeré ló jẹ̀bi."

Ó kọ ọ́. Òdo ni tíṣà fún un.

Èmi, òdo! Mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó di ilé tíṣà ní Kanvili. Ọmọbìnrin Dàgọ́ńbà kan, ọmọ onílẹ̀ Tamale, tí mo lè bí lọ́mọ ni tíṣà náà, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ṣa ẹ̀pà. Èdè Hausa la fi ko ara wa lójú.

"Tíṣà, ṣé o ti wa lọ́rì rí?"

"Rárá o, Àlájì. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tiwa, a kì í wá ẹlẹ́bi. Agbára ìrìn tí ọkọ̀ ńlá gbé wá kò ní ṣòfò. Àwọn méjèèjì ló máa jọ gbé e lọ."

Mo ti lanu láti fèsì. Ìgbà náà ni mo rí ojú ọmọ mi, bó ṣe ń fi ojú bẹ̀ mí. Ìdánwò ti ku ọjọ́ mẹ́wàá. Wàláhì, mo pa ẹnu yìí dé.

Ni ọmọ mi bá mú bírò. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, méjìlá. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n jọ jẹ́ báyìí. Pín méjìlá sí mẹ́rin. "Mítà mẹ́ta! Kai, àṣé kò le!" Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn látìgbà tí èsì burúkú ti jáde.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e lọ bá tíṣà, tí mo ń jókòó sórí àpótí, tí n kò sì dá sí i. Ó yege. Tíṣà ni wọ́n ń kí, wọ́n tún ń kí ìyá rẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Adájọ́ ni mo jẹ́ fún gbogbo ìlú, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò nílò adájọ́. Ẹni tó máa jẹ́ kó gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí ló nílò. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni mo fi dákẹ́. Lọ wá bàbá mìíràn ní gbogbo àdúgbò Zongo wa tó lè ṣe é.