Ohùn Ìyá Èbúté

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ tààrà: n kì í mu ọtí, oorun kò sì sí lójú mi lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, òpó náà ṣì wà ní èbúté wa, wáyà tí mo fi ọwọ́ ara mi gé sì ń fì lára rẹ̀. Orúkọ erékùṣù wa nìkan ni n kò ní dá. Ó wà lójú ọ̀sà, ní Ògùn Wọ́tásáìdì. A kò pọ̀ níbẹ̀.

Atikori ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ará omi ni ìyá mi. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ. Àgọ́-Ìwòyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni mo ti ń tú rédíò àti fóònù tó ti kú palẹ̀, títí mo fi mọ ohun tó ń mú wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Wáyà. Nígbà tí mo lọ máa gbé ní erékùṣù, sípíkà oníwo kan, irú èyí tí wọ́n ń lò ní mọ́ṣáláṣí, ni mo gbé dání. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ìròyìn afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, omi tó ń kún, ọkọ̀ tó pẹ́ kó tó dé.

Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀ gbà gbọ́. Ohùn ìyá àgbà kan ni, Ìyá Èbúté ni wọ́n ń pè é. Tí kùrukùru bá bo ojú omi, á lọ jókòó sí èbúté, á máa ké pé, "Ẹ máa bọ̀ o, ibí ni ilẹ̀ wà!" Ẹni tó wà lójú omi, tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, á fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti dá a lóhùn, á wá máa tọ ohùn náà bọ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí a tó bí mi.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo ní kó má jókòó sínú òtútù mọ́. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí mẹ́mórì, mo gbé sípíkà sórí òpó, mo dojú ẹnu rẹ̀ kọ ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé gan-an. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn máa ń rìn jìnnà lórí omi tó tutù, ju bó ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ gbọ́ ara rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. "Ìwọ Wáyà, ta ni èyí tó ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀? Ṣé kò ní kọ́ bó ṣe máa dá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ó kú nígbà òjò. A sin ín lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn àdúrà, lémọ́ọ̀mù wa ní, "Ẹ pa ohùn yẹn rẹ́. Ẹni tó ti sùn, ẹ jẹ́ kó sùn." Àwọn awakọ̀ ò gbà. Wọ́n ní etí àwọn kò mọ ohùn mìíràn nínú kùrukùru. Èmi náà ò gbà. Bí a ṣe ń fi ohùn òkú pe alààyè wálé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rò ó bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo sólà tó ń fi oòrùn gba iná sí bátìrì sípíkà, bátìrì náà kò gba iná tó mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo tú bátìrì kúrò lára òpó, mo gbé e lọ sílé kí n fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i. Mẹ́mórì tí ohùn wà lórí rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ojú omi mọ́ kedere nígbà tí a kírun àsùbáà tán. Múfú, àbúrò mi, ń wa ọkọ̀ ọjà lọ sí Ìwópin, òun àti àwọn obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ. Rúkà, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ti sìn wọ́n dé èbúté. Ó rí mi pẹ̀lú ẹrù mi.

"Bọ̀dá Wáyà, ẹ̀yin pẹ̀lú bátìrì yín! Ẹ ò kúkú fi ṣaya."

"Tó bá bímọ fún mi, ìwọ lo máa sọ ọ́ lórúkọ."

Ọkọ̀ náà kò tíì lọ jìnnà tí kùrukùru fi wálẹ̀. Kò yọ́ wá. Ńṣe ló bò wá bí aṣọ tí wọ́n jù bo àwo.

Fóònù mi dún. Múfú ni. "Bọ̀dá, a ò rí nǹkan kan. Mo ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan Ìyá fún wa, ká padà."

"Ẹ dúró síbẹ̀. Mo ń gbé bátìrì bọ̀."

Mo dé èbúté, bátìrì wà léjìká mi. Rúkà dúró lábẹ́ òpó. Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ọ.

"Ẹ máa bọ̀ o, ibí ni ilẹ̀ wà."

Rúkà wò mí. Mo wo òpó. Wáyà bátìrì méjèèjì ń fì lásán, wọn kò kan nǹkan kan. Ohùn náà kò sì ti orí òpó wá. Inú ọ̀sà ló ti ń wá, láti apá ibi tí omi ti jìn jù, tí kò sí ilẹ̀ rárá.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá," ni Múfú wí nínú fóònù. "A ti ń gbọ́ ọ."

"Èmi kọ́! N kò tíì tàn án! Múfú, ẹ má tẹ̀lé e!"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi dá mi lóhùn. "Bọ̀dá, ó ń pè wá lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo búra fún yín, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí mẹ́mórì yẹn.

Fóònù já. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ tí àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gbà, gbà. Ẹnì kan nínú wọn ti dá a lóhùn.

Mo so bátìrì mọ́ wáyà, mo fi mẹ́mórì sí i, mo ṣí i dópin. Ohùn Ìyá bú jáde lórí wa. Ohùn méjì wá ń pè wọ́n, ọ̀kan láti ilẹ̀, ọ̀kan láti inú omi, ọ̀rọ̀ kan náà, èémí kan náà. Èwo ni èèyàn máa tẹ̀lé? Mo gé wáyà. Mo fi ẹnu ara mi ké. Rúkà ń ké, "Múfú! Múfú o!"

Ẹ́ńjìnnì dún. Ẹni tó mọ ìró mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dún tó bá ń bọ̀, àti bó ṣe ń dún tó bá kọ ẹ̀yìn síni. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ń dín kù, ó ń dín kù, títí tí a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀sán ni kùrukùru ká. Àwọn apẹja rí ọkọ̀ náà láàárín ọ̀sà, ó dúró jẹ́ẹ́, omi kò wọ inú rẹ̀. Ẹja gbígbẹ wà nínú agbọ̀n. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń fi ariwo mú wọn wọ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Bàtà gbogbo wọn tò létí inú ọkọ̀, orí wọn kọ omi, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ ilé onílé.

A kò rí ẹnì kankan nínú wọn títí dòní.

Rúkà ti bímọ. Tí kùrukùru bá ti sọ ojú omi di funfun, á pọn ọmọ lọ sí èbúté, á mú àjẹ̀, á gbá òpó lẹ́ẹ̀mejì, á wá dúró. Ẹnu wo ni n ó fi ní kó má ṣe é?

Mo fọ́ mẹ́mórì náà. N kò tún so sípíkà mọ́. Tí mo bá rí i pé ìjì ń bọ̀, ojúlé dé ojúlé ni mo ń lọ kìlọ̀, wọ́n á sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹni tí ohùn ti tàn lẹ́ẹ̀kan, kí lẹ máa sọ fún un tó máa gbọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé rèé. Láìpẹ́ yìí, kùrukùru tún bo ilẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi pa dé, ni mo gbọ́ ọ lójú ọ̀sà.

"Ojú omi ti mọ́. Ẹ máa bọ̀ o."

Kì í ṣe ohùn Ìyá. Ohùn tèmi ni.

Mo sáré dé èbúté. Rúkà ti ń tú okùn ọkọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo ojú mi bíi pé mo wà lọ́nà jíjìn.

"Bọ̀dá Wáyà," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ń pè wá."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojú ọ̀sà kọjá lápá ọ̀dọ̀ wa, mo bẹ̀ yín. Tí kùrukùru bá bò yín, tí ẹ gbọ́ ọkùnrin kan tó ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Ẹ má fọwọ́ kan àjẹ̀. Ẹ má dáhùn, kódà tí mo bá pè yín lórúkọ.