Kọ̀ǹpútà Yìí Kì Í Ṣe Títà

Ẹni tó bá wà ní gbọ̀ngàn yẹn ní Ìlúpéjú lọ́jọ́ tí olóògbé Yẹ̀kínnì Ògúntádé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọlé, kò ní í gbàgbé ẹ̀ títí ayé. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onífọ́tò ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ súùtì, Jude lorúkọ ẹ̀, wá láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ká sọ tòótọ́, wọn ò tà á. Oṣooṣù lẹ máa máa sanwó, tẹ́ ẹ bá sì dáwọ́ dúró, wọn á tìlẹ̀kùn mọ́ yín síta. Jude ò sọ ọ́ báyẹn o. Ó ní, "Gbogbo update tó bá ṣáà ti jáde, tiyín ni!" Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì dìde lẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin kúkúrú ni, àpá kan wà lágbọ̀n rẹ̀, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lápá òsì, ohùn rẹ̀ kò sì nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọmọ mi, ìbéèrè kan péré. Tí mo bá kú, ṣé ọmọ mi á rí àwọn fọ́tò mi ṣí?"

"Ẹ ò ní í kú, sir."

"Àmín. Tí mo bá wá kú ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá ṣáà ti ń renew subscription yín, sir, no wahala."

"Háà!" Ẹ̀gbọ́n yíjú sáwọn èèyàn. "Ó gba owó ilẹ̀, ó gba owó ìpìlẹ̀, ó tún fẹ́ gba owó òrùlé. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọmọ onílẹ̀ lèyí, súùtì ló wọ̀!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ká tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti jáde lọ síbi kẹ̀kẹ́ Marwa tó gbé e wá, ó sì ti padà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tó fi àlòkù ẹní ìkírun wé. Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ni, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n ìgbà kan. Lára ẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ ohun tí àwọn ará Èkó máa ń kọ sára ògiri ilé wọn: KỌ̀ǸPÚTÀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN ONÍJÌBÌTÌ.

"Tìẹ rèé, tèmi rèé," ló wí. "Ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ ṣí."

Ẹ wá wo ariwo! Àwọn àgbàlagbà gun orí àga, bí ẹni pé pápá ìṣeré Sùúrùlérè ni wọ́n wà. Láptọ́ọ̀pù Jude ní kó tẹ password. Ó tẹ̀ ẹ́. Láptọ́ọ̀pù ní òun ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jude fi fóònù ẹ̀ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún un. Ti Ẹ̀gbọ́n ń kùn gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ata, ìlà funfun kan sì ń wọ́ lọ lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ti dé ìdajì! Ó ti dé ìdajì!" ni wọ́n ń pariwo. Àfi bí láptọ́ọ̀pù Jude ṣe dáhùn pé owó oṣù ti tán, kó lọ san òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ ò tíì bá a san ti oṣù yẹn! Ìlà ti Ẹ̀gbọ́n sì ku díẹ̀ kó kún, ló bá di pé wọ́n mú iná lọ.

"Ẹ ti fojú yín rí i!" Ẹ̀gbọ́n pariwo nínú òkùnkùn. "Tiẹ̀ ń tọrọ owó. Tèmi, iná ló dá a dúró!" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sọ́rùn dé ibi kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i kí ìkankan nínú méjèèjì ṣí.

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ra sọ́fítíwíà tiẹ̀ gan-an, ìtàn lọ́tọ̀ ni. Inú sídíì ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn, nínú páálí, téèyàn bá rà á, ó di tirẹ̀. Mujeebah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní Ìkẹjà fẹ́ fi páálí náà sínú ọ̀rá kó gbé e fún un, Ẹ̀gbọ́n ní ó tì.

"Ẹlẹ́rìí dà?"

"Ẹlẹ́rìí kẹ̀? Alhaji, sídíì lásán ni!"

"Ilẹ̀ náà, ṣebí iyẹ̀pẹ̀ lásán ni. Di ibẹ̀ yẹn mú."

Ó ti kó ẹlẹ́rìí wá láti Mushin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ wà: Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀, álífà àdúgbò, àti gẹ́rígẹ́rí tí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń tà á di ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà mú, òun náà di èkejì mú, ó fa ọwọ́ Mujeebah láti ẹ̀yìn ìyá ẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lé e lórí. Gẹ́rígẹ́rí fi kámẹ́rà yà wọ́n. Álífà ṣàdúrà, wọ́n mu mírínà, wọ́n sì padà sílé tìdùnnú-tìdùnnú. Ilé ni Sẹ̀kínátù ti wá bi í pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa kì í bọ̀ dà. Ẹ̀gbọ́n kò tíì ra kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó wá rà á, wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í tètè ṣí. Tó bá ti kírun àsùbá tán ló máa ń tàn án. Lẹ́yìn náà, á wẹ̀, á jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, á bá gbogbo àdúgbò ṣàríyànjiyàn bọ́ọ̀lù, kó tó wá jókòó síwájú ẹ̀. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ dúró wò ó, ara rẹ̀ kì í gbà á. Mujeebah dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì fìgbà kan rí i kó ṣí. Ṣe ló máa ń bá a ní ṣíṣí.

Ẹ má wá rò pé baba àtijọ́ kan tí ọjà rẹ̀ ti kú ni o. Fíìmù ti padà dé! Àwọn ọmọ Yaba ń gbé kámẹ́rà bàbá àgbà wọn kọ́rùn, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀kínnì ni wọ́n sì ń gbé fíìmù wọn wá fún fífọ̀. Inú ẹ̀ máa ń dùn débi pé ó máa ń jó jáde látinú dáàkì-rúùmù, yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Abigail, ní kó bá òun yọ àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú òun kúrò nínú fọ́tò.

"Ṣé o rẹ́ǹtì ojú yìí ni?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Rárá, sir."

"Ṣé tìẹ ni?"

"Tèmi ni, sir."

"Kí ló wá dé tó o fẹ́ kó nǹkan rẹ síta?"

Abigail bínú lọ. Nígbà tó máa padà wá, ìyá ẹ̀ ló mú dání. Ìyá náà ti rí ojú ìyá tiẹ̀ tó ti kú nínú fọ́tò yẹn, pẹ̀lú àmì dúdú, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun fọ òmíràn.

Ìdí tí Ẹ̀gbọ́n fi ń béèrè "Ṣé tìẹ ni?" lọ́wọ́ gbogbo èèyàn kò ṣòro mọ̀. Gbogbo fíìmù tó ti yà ní Mushin látìgbà èwe rẹ̀, ìsọmọlórúkọ, nìkáà, wòlímọ̀, ló ń kó wọnú kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fara balẹ̀ yọ eruku ara wọn. Ojú àwọn tó ti lọ ló kún ibẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí ilẹ̀kùn má tì mọ́ wọn lọ́jọ́ tí òun ò bá sí mọ́.

Ọ̀dọ̀ Mujeebah gan-an ni ẹ̀rù ọ̀hún ti ń wá. Ọmọ náà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Sùúrùlérè, fọ́tò rẹ̀ ń dán, oṣooṣù ló sì ń sanwó sọ́fítíwíà. Lọ́jọ́ kan, ó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá: "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gbé nǹkan yìí. Ó ń ti èmi lójú jàre." Wọn ò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí ọ̀dà pupa lára kọ̀ǹpútà, ó ṣì tutù.

Ó kú láìṣàìsàn tó pẹ́. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wá fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n máa gbé kọ́. Ó ti sọ èyí tó fẹ́ fún gbogbo ayé: èyí tó fi fíìmù ya ara rẹ̀. Mujeebah ti gbé fíìmù náà lọ Sùúrùlérè kó lè ṣe é dáadáa, àfi bí bánkì ṣe kọ káàdì ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí láptọ́ọ̀pù ní owó oṣù ti tán. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba Mushin lọ, ó sì tan kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Àwọn tó wá kí wọn gbọ́ ọ lóde, wọ́n sì ń wọlé wá. Jude wà láàárín wọn. Látọjọ́ Ìlúpéjú ló ti ń yà sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n wá jiyàn, tó ń jẹ àkàrà rẹ̀.

"Wọn ò gbọdọ̀ mú iná lọ lónìí o," Jude wí. Gẹ́rígẹ́rí ti sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ dè é.

"Ó ti dé ìdajì!" ẹnì kan pariwo. Álífà tó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ dìde, òun náà na ọrùn. Ìlà náà wọ́ títí ó fi kún, ni gbogbo ilé bá hó yèè: "Ó ṣí! Ó ti ṣí!"

Orúkọ sọ́fítíwíà ló kọ́kọ́ jáde. Lábẹ́ ẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ni í: MUJEEBAH ÒGÚNTÁDÉ.

Mujeebah wo ojú ìyá ẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ náà ló tẹ̀ mọ́ páálí yẹn lójú gbogbo wa," Sẹ̀kínátù wí. "Ta lo rò pé ó rà á fún? Ìwọ lo kì í dúró kó ṣí."

Jude nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n ti nà mí," ló wí. "Àǹtí Mujeebah, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tà á fún mi?" Kò tíì pa ẹnu dé tí gbogbo ilé fi nawọ́ sí ọ̀dà pupa, tí wọ́n sì kà á sókè papọ̀. Ẹ̀rín sọ. Mujeebah ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀.

Fọ́tò náà ṣí kíákíá. Ẹ̀gbọ́n ti yọ eruku ara ẹ̀ tán, ó fi àpá àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, fìlà wà lápá òsì. Kò sí ohun tó kù fún ọmọ rẹ̀ láti ṣe ju kó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ.

Sùúrùlérè ni kọ̀ǹpútà náà wà báyìí. Tí Mujeebah bá tàn án láàárọ̀, àwọn oníbàárà máa ń ní kó lọ jẹun ná, kó tó padà dé á ti ṣí. Kì í lọ. Ó ń jókòó síwájú ẹ̀ títí orúkọ yẹn á fi jáde.