Ìyá Dín-in-kù àti Ìlà Bíìrò Pupa

Ṣọ́ọ̀bù kan lèmi àti Ìyá Dín-in-kù jọ ń lò. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ń ya ìwé sínú rẹ̀ wà lápá òsì, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo la sì ń gbà wọlé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí ìkànnì ilé iṣẹ́ kan ò bá gba ìwé tí èèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́ torí pé ó ti tóbi jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sáré wá: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù." Á dín in kù lóòótọ́, ìwé náà ò sì ní ṣe bàìbàì.

Ṣùgbọ́n kì í kánjú, ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn. Kó tó fi ìwé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, á ní kí ẹni tó ni ín jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó kà á sókè látòkè délẹ̀. Ó ní ìwé ti mọ́ òun lójú jù, òun lè fo àṣìṣe. Ẹni tí mo fẹ́ wọn aṣọ fún á wà níta, nítorí àga kan ṣoṣo tá a ní, oníwèé ló jókòó lé e. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, ẹ̀rín ló máa ń rín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó kápẹ́ńtà àdúgbò wa gbé fáìlì ilé ìwòsàn ọkọ rẹ̀ wọlé. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin náà nílùú míì lọ́jọ́ kejì, dókítà ibẹ̀ sì fẹ́ rí gbogbo ìwé rẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin. Ìwé mọ́kànlélógún ni, Ìyá Dín-in-kù sì ya gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ìkànnì wọn ò gbà ju mẹ́gábáìtì méjì lọ, ogójì sì ni tiwa. Aago mẹ́ta ti lù.

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó wa," ni Ìyá Dín-in-kù wí. Ó yọ àwọn ẹ̀yìn ìwé tí kò sí nǹkan kan lára wọn, ó gé etí tó dúdú dànù, ó sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun. Ó bọ́ sí mẹ́gábáìtì kan àbọ̀.

"Ó yá, kà á."

Ìyàwó kápẹ́ńtà ń kà á lọ geerege. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹsàn-án, ó ní: "Ẹ má fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì láé, díẹ̀ ló kù kó pa á." Ó fẹ́ máa bá a lọ.

"Dúró ná. Ibo lo ti rí ìyẹn kà?"

"Etí ibí yìí náà ni, Ìyá."

Etí ibẹ̀ funfun báláú. Bíìrò pupa ni nọ́ọ̀sì kan fi kọ ọ́ sórí ìwé gan-an lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ti ṣá. Bí Ìyá Dín-in-kù ṣe yọ àwọ̀ kúrò, ó bá a lọ. Ìyàwó kápẹ́ńtà ò tiẹ̀ fura, ó ti mọ̀ ọ́n sórí látìgbà tó ń jókòó ti ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Mo dá ẹ̀rọ mi dúró.

Ìyá Dín-in-kù dá àwọ̀ padà sójú ìwé kẹsàn-án nìkan. Fáìlì náà tún ju méjì lọ. Ó wá yọ rìsíìtì mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. "Ta ló ń fi rìsíìtì ṣiṣẹ́ abẹ?" Ó bọ́ sí mẹ́gábáìtì kan àbọ̀ àti díẹ̀.

"Fi ránṣẹ́ jàre!" ni mo pariwo.

"Kò tíì kà á."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kó máa fìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Èmi náà dúró lẹ́yìn wọn, mò ń kà á pẹ̀lú wọn. Ìlà pupa náà wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí fáìlì náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kápẹ́ńtà pè wá lórí fóònù, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí wọ́n lọ ti bi í bóyá òótọ́ ni ìlà pupa yẹn. Nígbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tí wọ́n ti fà sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n mú òmíràn wá.

Ojú tì mí gan-an. Ní báyìí, tí oníwèé bá ti jókòó, mo máa ń dá ẹ̀rọ mi dúró kó lè gbóhùn ara rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ wọn aṣọ fún, kó dúró síta.