Èrò Tí Kì Í Yọ Dádì Lẹ́nu

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bàbá mi bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Dagenham nílùú òyìnbó, ẹ ó rántí bí àwọn bàbá yòókù ṣe máa ń wọlé. Wọn á gba ilẹ̀kùn iwájú, ọmọ á dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọn á sì ti máa béèrè oúnjẹ kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Ti Dádì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé. Á bọ́ kóòtù dúdú rẹ̀ sínú ahéré onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, á wọ ilé ìwẹ̀ lọ láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, á sì fi ọṣẹ pupa olóògùn bo ara rẹ̀ títí omi gbígbóná ilé á fi tán. Ìgbà tó bá jáde ni yóò tó na ọwọ́ sí wa pé, "Ó yá, ẹ wá." Kúnlé àbúrò mi á sáré lọ. Èmi kì í tètè lọ. Mo máa ń kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí n gbóòórùn rẹ̀ wò.

Mọ́mì ló kọ́ mi. "Ìfura loògùn àgbà," ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, èmi náà sì ti ka ara mi kún àgbà nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Mọ́mì, aláró sì ni ìyá tó bí i. Nílé tiwọn, a kì í kí oníṣẹ́ bí ẹni ń kí ẹni tó jókòó lásán. Àgbẹ̀ ní kíkí tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀, "Àrẹ̀dú o" ni wọ́n sì fi ń kí ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò aró. Mọ́mì kó gbogbo kíkí wọ̀nyí wá sí ìlú òyìnbó, kò sì fẹ́ kí ọ̀kankan ṣòfò. Nígbà tó gbọ́ pé Mista Lẹ́n, bàbá òyìnbó tó wà nílé kejì sí tiwa, ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá irin ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò tó wà létí odò, ó na ọrùn kọjá ọgbà, ó fún un ní kíkí alágbẹ̀dẹ: "Àrọ̀yè o!" Bàbá náà rò pé bí a ṣe ń sọ ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí i tó ń sá aṣọ, á ṣí fìlà, á ní, "Aroyè, my love." Mọ́mì á rẹ́rìn-ín dá a lóhùn. Bó bá wọlé tán, á wá dojú kọ wa: kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń ṣí fìlà fún òun?

Mista Lẹ́n yìí náà ló máa ń fún wa ní igi pupa kíkan kan láti inú ọgbà rẹ̀, rúbábù ni wọ́n ń pè é. Mọ́mì fi ata sè é nígbà kan. Ó kan débi pé ojú Kúnlé dì pátápátá, a sì rò pé kò ní ṣí mọ́. Láti ìgbà náà, Mọ́mì á gbà á, á dúpẹ́ dáadáa, á sì lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ahéré.

Dádì ní awakọ̀ lòun. Nítorí náà, kíkí awakọ̀ ni Mọ́mì fi ń sìn ín jáde láràárọ̀: "Ọkọ̀ á rèfó o!" Dádì á dáhùn pé, "Àmín," àmọ́ kì í wo ojú rẹ̀. Ọkọ̀ wo gan-an ló ń wà? Bọ́ọ̀sì kọ́, nítorí kò dárúkọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì kankan fún wa rí. Tákísí kọ́, nítorí kì í gbé e wálé. Bí a bá fẹ́ máa wádìí, gbólóhùn kan náà ló ní. Á ní, "Èrò ni mò ń gbé. Èrò mi kì í yọ mí lẹ́nu. Wọn kì í jà, wọn kì í bú mi, wọn kì í béèrè ìdí tí mo fi gba ọ̀nà ibí. Kí lẹ tún fẹ́?"

Lóòótọ́, nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, iṣẹ́ ilé mọ́tò yẹn náà ló ń wá, àmọ́ wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn dúró níbẹ̀ nígbà náà. Ó gbálẹ̀ nílé ìwé, ó ṣọ́ ilé ìtajà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aláṣọ dúdú yìí. Ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún méjì, a kò sì mọ ibi tó ń ṣe é.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ìfura náà ti pọ̀ jù. Ìjọ Aládùúrà ni wá, nínú gbọ̀ngàn kan lápá Eastbury. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí a tó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé nínú aṣọ funfun. Dádì kì í kọjá ibi bàtà. Ó ní òun ń ṣọ́ bàtà. Ta ló fẹ́ jí bàtà wa? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wòlíì fẹ́ fi òróró yàn án ní alàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa bá bàtà gbé. Àwọn kan ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àwọn tó pọ̀ jù ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, ẹ ò rí aṣọ dúdú, ẹ ò rí ìbọ̀wọ́ dúdú? Mọ́mì kò gba èyíkéyìí gbọ́. Òun ti bá ewé òdòdó funfun nínú àpò kóòtù rẹ̀, obìnrin ni ìfura tirẹ̀ dá lé. Ọjọ́ tó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ki imú bọ inú àpò kan náà, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n sì gbé ọwọ́ sókè. Mo wà níbẹ̀ títí ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tó yẹ kí n bó fi rọ̀ kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi mí pé, "Kí lo gbóòórùn ẹ̀?"

Ìgbà náà ni tíṣà wa pín ìwé kan fún wa. Iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń ṣe ní àgbègbè wa láyé ìgbà tí àwọn bàbá àgbà òyìnbó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀: oníṣẹ́ irin, oníṣẹ́ èbúté, oníṣẹ́ rélùwéè, akọ̀wé. Gbogbo ọkùnrin ló ní àpótí tirẹ̀ tí wọ́n fi ìlà yà sójú ìwé náà. A ní láti kọ iṣẹ́ ọkùnrin márùn-ún ní àdúgbò tiwa sábẹ́ rẹ̀. Mista Lẹ́n kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní láyé àwọn, gbogbo òpópónà ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí kẹ̀kẹ́, imú sì ni ìyàwó fi ń mọ iṣẹ́ ọkọ: epo mọ́tò, èédú, ẹja. Gbogbo bó ṣe ń sọ ọ́, ọṣẹ pupa ni mò ń rò.

Ní ti àwọn èèyàn wa, ẹ̀rín ni. Bọ̀dá Dèjì, tó háyà yàrá òkè nílé wa, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ta ló rán ẹ? Ṣé Home Office tó ń yẹ ìwé ìgbélùú wò ni? Abeg, kọ student." Student ni Bọ̀dá Dèjì ti jẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo kọ ọ́. Bí mo ṣe rí mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú oníbúrẹ́dì àti akọ́lé kan. Àpótí karùn-ún ṣófo, ti Dádì sì ni.

Ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé ìwé ni Misis Lẹ́n, ìyàwó Mista Lẹ́n, kú. Mọ́mì gbé mọ́ínmọ́ín kaná tí yóò gbé lọ fún bàbá náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sin. Mọ́tò dúdú gígùn kan dé, ó mọ́ débi pé a rí ògiri ilé wa lára rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe.

Dádì ni.

Kúnlé lanu láti pè é, Mọ́mì sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Dádì kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló gbé pósí náà jáde. Ó tún òdòdó funfun tó wà lórí rẹ̀ tò, ó tẹrí ba fún un bí ẹni ń kí ìyá rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìdún rárá. Ó wá di Mista Lẹ́n lápá mú wọ ọkọ̀, wọ́n sì rọra lọ.

Mọ́mì jókòó. "Òkú," ló sọ. "Èrò ọ̀run ló ń gbé." Gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà, ọṣẹ, òdòdó, ẹnu ọ̀nà tí kì í kọjá. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò gbọ́dọ̀ wọ ilé Ọlọ́run títí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Dádì kò rú òfin náà lọ́jọ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ inú bí Mọ́mì, ẹ̀rù sì bà á ju inú tó bí i lọ. Bí ìjọ bá gbọ́ ńkọ́? Ta ni yóò tún jẹun nílé wa? Ṣé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí á fi ìjọ sílẹ̀? Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí mo rántí iye ìgbà tí mo ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán tó na ọwọ́ sí mi.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Mista Lẹ́n kan ilẹ̀kùn wa, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bá ọkùnrin ṣiṣẹ́, òun kò rí èyí tó ní sùúrù lọ́wọ́ bí ọkọ Mọ́mì. Ó ní ìyàwó òun ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá ṣí fìlà, ó ní, "Aroyè."  Mọ́mì gbé mọ́ínmọ́ín fún un, ó yí padà, ó lọ gbé omi kaná.

Bí Dádì ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó bá Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tówẹ́ẹ̀lì àti ọṣẹ pupa tuntun. Ó dúró sójú kan.

"Ìyá Fúnmi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé o ò ní jẹ́ kí n gbé àwọn ọmọ mọ́."

 Mo mọ ohun tí Mọ́mì ń wá: kíkí ni. Ó ní kíkí fún gbogbo oníṣẹ́ tó wà láyé, kò sì rí èyí tó bá ọkùnrin yìí mu. Ó gbé garawa náà kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dádì Fúnmi," ó ní, "ọkọ̀ á rèfó o."

"Àmín," ni Dádì wí. Ó wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló sọ fún Wòlíì lọ́jọ́ Sunday, nídìí bàtà níbẹ̀. Àwọn kan kò jẹ mọ́ínmọ́ín wa mọ́. Wòlíì ronú títí, ó ní bí òun bá kú, òun kò ní fẹ́ kí ẹni tí kò mọ Ọlọ́run gbé òun. Dádì sì ń bá bàtà gbé lọ. Mo kọ "driver" sínú àpótí karùn-ún, mo fi kún un pé èrò rẹ̀ kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Tíṣà fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i nídìí.

Láyé ìsinsìnyí, kò sí imú tó lè mọ iṣẹ́ ọkùnrin. Barking Riverside ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jó èédú fún iná mànàmáná láyé àtijọ́. Iyàrá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, níwájú kọ̀ǹpútà, ọmọ mi obìnrin sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé, "Mummy, are you sure Daddy has a job?" Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé lọ́hùn-ún dé náà kì í la ẹnu sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lọ́jísíìkì, iṣẹ́ kíkó ẹrù kiri, ni gbogbo wọn máa ń ní àwọn ń ṣe.

Mọ́mì kú lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin tó wa mọ́tò dúdú wá gbé e, ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Ó rọra bẹ̀ mí pé kí n má ya fọ́tò òun, ìyàwó òun nílé rò pé lọ́jísíìkì lòun ń ṣe. Dádì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ kò tíì gbà pé ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ó fi ọ̀pá rìn yí mọ́tò ká. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ́tí bó ṣe ń pa ilẹ̀kùn mọ́ Mọ́mì. Ilẹ̀kùn náà kò dún.

Dádì ṣí fìlà.

"Ọkọ̀ á rèfó o," ó wí fún un. "Èrò yẹn ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu."